Àfonífojì Qu'Appelle: ta ló gbẹ́ kòtò yìí, ta ló sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀?

Àdìó Regina · ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kejì mi rèé ní Regina, olú ìlú ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà. Bí àwọn ará ilé bá bi mí bí ibí ṣe rí, èsì mi ni pé kò sí nǹkan kan níbí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú ọ̀run, ọ̀nà tó lọ tààrà bí okùn tí wọ́n fà le. Àwọn ará ibí fúnra wọn máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ajá rẹ bá sá nílé, ọjọ́ mẹ́ta ni wàá fi máa wò ó bó ṣe ń lọ.

Lánàá, ọ̀rẹ́ mi kan gbé èmi àti ìyàwó mi lọ pẹja ní Fort Qu'Appelle. Kò ju nǹkan bíi 70 kìlómítà lọ. Ilẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, mo ti ń tòògbé, àfi bí ilẹ̀ ṣe là lójijì níwájú wa. Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, òkè dìde lọ́tùn-ún lósì, adágún ń kọ mànà nísàlẹ̀. Mo pariwo. Ìyàwó mi rò pé jàǹbá ọkọ̀ ni.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Odò tó wà nísàlẹ̀ yẹn kéré débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè sọ òkúta kọjá rẹ̀. Báwo ni irú odò bẹ́ẹ̀ ṣe gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ju máìlì kan lọ? Wọ́n tún ní orúkọ odò náà túmọ̀ sí "Ta ló ń pè?" Ta ló ń pe ta? Ẹni tó bá mọ̀, ẹ là mí lóye.

Mama Ìbejì · 9:58 alẹ́

Àdìó, o ò tíì rí nǹkan kan. Dúró di ìparí oṣù kẹsàn-án tí ewé bá pọ́n.

Ti orúkọ yẹn, ìtàn tí mo gbọ́ ni pé ọmọkùnrin kan ń tukọ̀ lọ lóru sọ́dọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn, "Ta ló ń pè?" Kò sẹ́ni tó fèsì, àfi ohùn tirẹ̀ tí òkè ń dá padà. Ìgbà tó gúnlẹ̀ ni wọ́n sọ fún un pé ọmọbìnrin náà ti kú mọ́jú, orúkọ rẹ̀ ló sì ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́.

Ìyá mi tó bí mi kìlọ̀ fún mi láti kékeré: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóru, má dáhùn, kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pè ọ́. Mi ò sun àfonífojì yẹn mọ́jú rí, mi ò sì ní í sùn ún.

Bàbá Olókùúta · 10:31 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìbàdàn ni mo wà, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin ń gbé Saskatoon. Ìgbà tí mo lọ kí i, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé mi dé ibẹ̀, torí iṣẹ́ òkúta àti ilẹ̀ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àdìó, odò tí o rí yẹn kọ́ ló gbẹ́ kòtò náà. Àyálégbé ni. Ẹni tó kọ́lé ti kó lọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Yìnyín ló bo gbogbo ilẹ̀ yẹn nígbà kan. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, yìnyín ń yọ́, ó ń fà sẹ́yìn sí ìhà àríwá. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ kò lè gba àríwá lọ, yìnyín tó kù dí i lọ́nà. Ló bá ń gba ẹ̀gbẹ́ yìnyín lọ sí ìlà-oòrùn, títí tó fi já sínú adágún ńlá kan tí àwọn onímọ̀ sọ ní Agassiz, èyí tó bo apá púpọ̀ nínú Manitoba òde òní. Omi tó ń rọ́ gìrọ́gìrọ́ bẹ́ẹ̀ ló la ilẹ̀ náà bí òwú ṣe ń la ẹyin sísè. Yìnyín tán, omi tán, kòtò kù. Odò kékeré yìí rí ilé ńlá tó ṣófo, ó wọlé, ó sì ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ káàkiri inú rẹ̀ fún nǹkan bíi 430 kìlómítà, títí tó fi wọ odò Assiniboine kété tó bá kọjá sí Manitoba.

Àwọn adágún mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, Pasqua, Echo, Mission, Katepwa, iṣẹ́ àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ àfonífojì láti ẹ̀gbẹ́ ni. Wọ́n ń kó ẹrẹ̀ àti iyanrìn wá dà sílẹ̀, ó ń ga, ó ń dí odò lọ́nà, omi á dúró. Orí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìlú Fort Qu'Appelle jókòó sí, láàárín Echo àti Mission.

Bí o bá padà lọ, wo òkè méjèèjì dáadáa. Èyí tó kọjú sí gúúsù gbẹ, koríko ló pọ̀ lórí rẹ̀, torí oòrùn ń pa á tààrà. Èyí tó kọjú sí àríwá ni igi wà, torí òjò dídì kì í tètè yọ́ níbẹ̀, omi á ráyè wọlẹ̀.

Ẹ̀yin ará Regina pàápàá, ìsàlẹ̀ adágún tí yìnyín fi sílẹ̀ ni ẹ ń gbé. Amọ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ nínú omi yẹn ló wà lábẹ́ yín. Àlìkámà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ilé kò fẹ́ràn rẹ̀.

Àdìó Regina · 10:44 alẹ́

Háà! Bàbá, ẹ ti parí ìjà kan láìmọ̀. Ògiri yàrá abẹ́ ilé tí a yá ti sán láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Onílé ní ilẹ̀ ló ń mí. Mo ní irọ́ ló ń pa.

Bàbá Olókùúta · 10:47 alẹ́

Kò purọ́. Amọ̀ yẹn máa ń wú bó bá mu omi, á sì sún kì bó bá gbẹ. Lọ tọrọ àforíjì.

Jagun · ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé àwọn tó jìyà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣófo ni àwọn àgbẹ̀ òyìnbó bá. Wọ́n gé ilẹ̀ eléwéko bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi kọ́lé, wọ́n sùn nínú rẹ̀ nínú òtútù tó ń pa màlúù. Ìjọba ní kí wọ́n wá, wọ́n wá. 160 éékà fún dọ́là 10! Ẹ mú dọ́là 10 wá sí Èkó kí ẹ wò ó bóyá yóò ra ilẹ̀ tó gba àga kan.

Àbẹ̀kẹ́ Akàwé · 8:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n Jagun, ẹ má bínú, "ṣófo" yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì níbí, ẹ jẹ́ kí n gùn díẹ̀.

Kí òyìnbó kankan tó mọ orúkọ odò yìí ni ó ti ní orúkọ. Àwọn Cree, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, ń pè é ní ohun tó túmọ̀ sí "ẹni tó ń pè". Ara rẹ̀ ni orúkọ Katepwa ti wá. Qu'Appelle, èdè Faransé ni, wọ́n kàn yí i padà. Ní 1804, oníṣòwò awọ ẹran kan tó ń jẹ́ Daniel Harmon ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń sọ pé ẹ̀mí kan ń ké lórí odò náà. Nítorí náà, Mama Ìbejì, ọ̀rọ̀ ohùn yẹn ti pẹ́ o.

Àwọn Cree, Saulteaux àti Nakoda ló ń lo àfonífojì yìí. Ní ìgbà òtútù, orí ilẹ̀ gbalasa kò ṣeé gbé, afẹ́fẹ́ a máa gé èèyàn lára bí abẹ. Inú àfonífojì ni igi ìdáná wà, ibẹ̀ ni ẹfọ̀n náà máa ń sá sí. Adágún Buffalo Pound, tí omi inú ẹ̀rọ Regina ti ń wá, orúkọ ọgbà tí wọ́n ń da ẹfọ̀n sí láti pa ni wọ́n fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn Métis dé, ọmọ àwọn oníṣòwò awọ àti ìyàwó wọn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Ní 1864 ni ilé iṣẹ́ Hudson's Bay kọ́ ibùdó òwò wọn sí ibi tí Fort Qu'Appelle wà lónìí. Ọdún bíi méjì sí ìgbà náà, àwọn àlùfáà Àgùdà tẹ̀dó sí Lebret, ní ẹ̀bá adágún Mission. Kò tíì sí àgbẹ̀ oní 160 éékà kankan nígbà yẹn.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ní 1670, ọba England mú ìwé, ó fi gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí Hudson Bay ta ilé iṣẹ́ Hudson's Bay yìí lọ́rẹ. Kò dé ibẹ̀ rí. Ní nǹkan bíi igba ọdún lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ yìí gbé e fún Kánádà, wọ́n sì gba £300,000. Nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba wá sí Fort Qu'Appelle ní oṣù kẹsàn-án 1874 láti ṣe Àdéhùn Kẹrin (Treaty 4), ìyẹn àdéhùn lórí ilẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn ọmọ ilẹ̀, ọjọ́ lórí ọjọ́ ni wọ́n fi jókòó tí ọ̀rọ̀ kò lọ. Ọkùnrin Saulteaux kan tí wọ́n ń pè ní The Gambler ní àwọn kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ti ń wọn ilẹ̀ láìbi àwọn. Olóyè Paskwa na ìka sí ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà tó jókòó níbẹ̀, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé wọ́n ta ilẹ̀ náà ní £300,000. Owó yẹn ni àwọn fẹ́.

Wọn ò fún wọn. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fọwọ́ sí i. Olóyè yóò máa gba dọ́là 25 lọ́dún, àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ dọ́là 15, gbogbo èèyàn yòókù dọ́là 5. Dọ́là 5 yẹn ni wọ́n ṣì ń san títí di òní. Kò wú, kò rù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú · 8:51 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. £300,000? Royal Niger Company náà ńkọ́, tí wọ́n gba £865,000 lọ́wọ́ ìjọba England nígbà tí wọ́n kó àṣẹ wọn lórí ilẹ̀ ẹ̀bá odò Ọya sílẹ̀? Àwọn tí wọ́n ta kò gba kọ́bọ̀. Mo ti ń rò pé àwa nìkan ni wọ́n tà.

Mama Ìbejì · 9:05 àárọ̀

Ní Èkó, ọmọ onílẹ̀ á gba owó ìpìlẹ̀, á gba owó òrùlé, á tún padà wá gba owó géètì. Paskwa béèrè lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n wò ó lójú.

Jagun · 12:30 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbà pé kò ṣófo. Ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n sì fún àwọn náà ní ilẹ̀ tiwọn. Kí ló dé tí wọn kò dáko bíi ti àwọn yòókù?

Àbẹ̀kẹ́ Akàwé · 1:15 ọ̀sán

Wọ́n dáko, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí èrè ni.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Àdéhùn ní máìlì kan níbùú lóròó fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún. Ìyẹn jẹ́ 128 éékà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin ilẹ̀ ti 1872 fún ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan ṣoṣo tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní 160, bó bá ti san dọ́là 10, tó gbé orí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó kọ́lé sí i, tó sì tú ilẹ̀ díẹ̀. Ṣé ọmọ Cree lè lọ gba irú ilẹ̀ yìí? Òfin Indian Act ti 1876 ní rárá.

Nígbà tó fi máa di 1879, ẹfọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lórí ilẹ̀ yẹn, ebi wá ń pa wọ́n. Wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n gbin ọkà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba ẹ̀bùn ní ibi àfihàn oko. Àwọn àgbẹ̀ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wọ́n ń bá àwọn dù ọjà. Ní 1889, Hayter Reed, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn, ní kí wọ́n padà sí irinṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n má lo ẹ̀rọ ìkórè, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá oko péńpé. Bí wọ́n bá kórè, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó tà á. Láti 1885, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé mìíràn kí wọ́n tó jáde kúrò lórí ilẹ̀ tiwọn. Ẹni tó ń gbé àárín ilẹ̀ bàbá rẹ̀!

Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Lebret, níbi tí wọ́n ti ń gbé láìsí òbí wọn. 1884 ni wọ́n ṣí i, 1998 ni wọ́n tì í. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa, mo ti wà láyé. Ní apá ìsàlẹ̀ àfonífojì kan náà, lórí ilẹ̀ Cowessess, ní oṣù kẹfà 2021, ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ fi ojú ibi 751 hàn tó jọ sàréè tí kò lámì, létí ibi tí ilé ẹ̀kọ́ Marieval wà tẹ́lẹ̀. Mo lọ síbẹ̀. Iná kéékèèké ni wọ́n gún sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mama Ìbejì · 1:40 ọ̀sán

Ọlọ́run Ọba ò.

Àdìó Regina · 7:22 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo jókòó ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi. Ẹ ṣé gan-an, Àbẹ̀kẹ́. Ìyàwó mi ní kí n bi yín: òun náà ìbá lè gba 160 éékà yẹn nígbà náà?

Èmi náà ní tèmi. Àfonífojì tó lómi, tó nígi wà níbẹ̀, kí ló gbé wọn lọ fi olú ìlú sí orí pẹrẹsẹ tí kò sí igi kan?

Àbẹ̀kẹ́ Akàwé · 8:03 alẹ́

Ẹ kí wọn o. Rárá. Ní Kánádà, obìnrin kò lè gbà á àfi bó bá jẹ́ òun nìkan ni olórí ìdílé, bí opó tó ń tọ́ ọmọ. Ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ ń gbà á nígbà yẹn. Títí di 1930 ni ti Kánádà fi rí bẹ́ẹ̀.

Ti olú ìlú, ojú irin ni. 1882 ni ilé iṣẹ́ ojú irin Canadian Pacific (CPR) gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì yan orí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n fi àfonífojì sílẹ̀ ní apá àríwá. Àwọn ará Fort Qu'Appelle ti rò pé àwọn ni olú ìlú máa jẹ́. Edgar Dewdney, gómìnà àgbègbè náà, mú un lọ sí etí odò Wascana, níbi tí egungun ẹfọ̀n tí àwọn ọdẹ kó jọ wà gègèrè. Pile of Bones ni wọ́n ń pe ibẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Regina, tó túmọ̀ sí Ọbabìnrin. Wọ́n wá rí i pé Dewdney ní ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Ariwo ta.

Ọmọ Ìjẹ̀bú · 8:10 alẹ́

Gómìnà tó ní ilẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ìjọba ń bọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Tóyìn Calgary · 8:34 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Ṣé aláwọ̀ dúdú kankan wà lára àwọn tó gba ilẹ̀ nígbà yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ Akàwé · 8:50 alẹ́

Wọ́n wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú àfonífojì yìí. Láti nǹkan bíi 1910, àwọn ìdílé láti Oklahoma wá sí Eldon, nítòsí Maidstone, ní ìwọ̀-oòrùn Saskatchewan. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí wọ́n kọ́, Shiloh, ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1911, ìjọba Laurier, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, fọwọ́ sí ìwé kan pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ wọlé fún ọdún kan, pé ojú ọjọ́ ibí kò bá wa mu. Wọn ò lò ó nígbẹ̀yìn.

Àdìó Regina · 8:53 alẹ́

Oṣù kìíní ọdún yìí, mo fẹ́ gbà pẹ̀lú wọn.

Bàbá Olókùúta · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:48 àárọ̀

Mo ti sùn lọ lánàá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ omi kan kún un.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá ọdún 1930 sókè, tí erùpẹ̀ oko ń fò bí èéfín, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1935 tí yóò máa dí omi fún àwọn àgbẹ̀. Àjọ yìí kọ́ ìdídò sí ẹnu àwọn adágún àfonífojì náà ní nǹkan bíi 1940 sókè. Omi ga. Àwọn tó ní ilé ìsinmi létí adágún yọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ga ní adágún bo ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè odò, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ti ń gé koríko ẹran, tí wọ́n sì ti ń ká ewé àti egbò. Wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń bá ìjọba fà á.

Ní 1967 ni wọ́n parí ìdídò Gardiner àti kékeré rẹ̀ tó wà ní orísun Qu'Appelle. Láti ìgbà náà, omi odò Saskatchewan ti gúúsù ni wọ́n ń tú díẹ̀díẹ̀ sínú Qu'Appelle, tó ń dé Buffalo Pound, tó ń dé ẹnu ẹ̀rọ yín. Àyálégbé yẹn pàápàá, omi àyálò ló fi ń ṣàn.

Jagun · 7:30 àárọ̀

Bàbá, èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí ló mú mi. Bàbá mi àgbà ní oko tí ìdídò gbé lọ. Mo ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ mi lórí àwọn tó fi ilẹ̀ eléwéko kọ́lé jẹ o. Ìyà jẹ wọ́n lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ló sì sá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Akàwé · 7:41 àárọ̀

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Àdìó Regina · ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, 8:15 alẹ́

A padà lọ lónìí, a mú ọmọ wa dání. A gun òkè tó wà lẹ́yìn Lebret, níbi tí ilé àdúrà funfun kékeré kan wà. Mo wo ohun tí Bàbá sọ: òkè apá kan gbẹ, ìkejì kún fún igi. Lókè, gbogbo ọ̀nà àti oko ni wọ́n gé ní igun mẹ́rin mẹ́rin. Nísàlẹ̀, odò ń lọ́ bó ṣe wù ú. A kọjá níbi tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà tẹ́lẹ̀. Mo pa rédíò.

Létí adágún, ọmọ mi fẹ́ mọ̀ bóyá òkè máa dáhùn lóòótọ́. Ó ń la ẹnu bó ṣe máa pe orúkọ ara rẹ̀, ìyàwó mi ti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ní òun ti ka ohun tí Mama Ìbejì kọ.

Mama Ìbejì · 8:19 alẹ́

Ìyàwó gidi nìyẹn. Ṣé ẹ rí ẹja pa?

Àdìó Regina · 8:20 alẹ́

Ẹyọ kan. Ó ti wà nínú ọbẹ̀.